Omi Ọmú Kò Tíì Dé

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kì í purọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ó tàn wá jẹ. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tó mọ̀ ló sọ.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, òun ló dúró bí ìyá fún ọmọ mi obìnrin. Cissin, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn Mossi, ni gbogbo wa ń gbé. Ọ̀nà eléruku kan ló wà láàrin ilé rẹ̀ àti tiwa. Bí obìnrin kan bá bímọ láàrin àwa Yorùbá àdúgbò náà, òun ni wọ́n máa ń pè. Yóò wẹ ọmọ, yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá, yóò sì tọ́jú ọmú rẹ̀ títí omi ọmú yóò fi dé. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Òun náà ló wẹ ọmọ mi nígbà tí a bí i.

Èmi ń ta piẹ́ẹ̀sì mọ́tò, irin àti rọ́bà tí àwọn ènìyàn fi ń pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́ lára alùpùpù wọn, tí à ń pè ní mọ́tò níbí. N kò tètè kàwé. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, títí di òní mo ṣì máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí mo bá ń kà á. N kò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi sọ ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Niamey, nítorí náà nígbà tó lóyún, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Oyún náà kò tíì ju oṣù méje lọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Lẹ́yìn náà ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní òun ń rí iná tó ń tàn tó ń kú níwájú òun. Mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú. Mo rọra ń wà á nítorí kòtò.

“Àna mi,” ó pariwo létí mi, “ṣé ìgbín ló ń fà wá ni? Ẹ tẹ̀ ẹ́!”

Nílé ìwòsàn wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Wọ́n ní bí wọn kò bá gbé ọmọ jáde, àwọn méjèèjì ló máa lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọkùnrin ni. A ò gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé wò ó, inú àpótí onígíláàsì ló wà. Mo ti gbé kabúrétọ̀ tó wúwo jù ú lọ. Awọ rẹ̀ tín-ín-rín débi pé bó bá mí, mo ń rí ìfun rẹ̀ tó ń yí lábẹ́ awọ ikùn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin Mossi kan tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi. Yaaba ló ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe bàbá àgbà ní èdè wọn. Ó rọra bá mi sọ Faransé.

“Yaaba, mímí rẹ̀ la kọ́kọ́ ń bá jà. Bí ìyẹn bá gún, ìfun ló kù. Ìfun rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́. Bí a bá fún un lóúnjẹ kíákíá, ìfun náà lè kú sí i nínú. Bí a kò bá sì fún un rárá, kò ní dàgbà. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀. Omi ọmú ìyá rẹ̀ ló dára jù. Bó bá ti dé, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gbé e wá.”

Ó yé mi. Bí ènìyàn bá ra mọ́tò tuntun, a kì í jẹ́ kó fi sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Irin inú rẹ̀ kò tíì mọ ara wọn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù, yóò padà wá bá mi láìpẹ́, kì í sì í sí ohun tí mo lè tà fún un.

Wọ́ọ̀dù tí ọmọ mi dùbúlẹ̀ sí wà lódìkejì àgbàlá. Lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà láàrin, àwọn ará ilé aláìsàn tẹ́ ẹní wọn, wọ́n gbé bùtà àti ìkòkò kalẹ̀. Láràárọ̀ nọ́ọ̀sì á bi mí pé, “Ṣé omi ọmú ti dé?” Èmi á sọdá àgbàlá láti lọ béèrè.

Wọ́n ti fi ìró ṣe aṣọ ìkélé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ mi. Bí mo bá sún mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi á ké láti inú pé, “Ẹ dúró síbẹ̀, àna mi. À ń tọ́jú obìnrin.” Mo máa ń dúró. Ọkùnrin kì í wọ ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọmú fún ọmọ rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ omi gbígbóná tí wọ́n ń bù. Mo máa ń gbọ́ ọmọ mi tó ń kérora. Tó bá yá, ẹ̀gbọ́n á jáde pẹ̀lú bàsíà tó fi aṣọ bò.

“Ìyá, wọ́n ní ṣé omi ọmú ti dé?”

“Kò tíì dé. Ẹ sọ fún wọn pé ọmú kì í ṣe ẹ̀rọ omi tí ènìyàn kàn ń ṣí. Yóò dé.”

Èmi á padà sọdá. Màá sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò tíì dé. Bí mo ti gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó pẹ́ tí kò dé, dókítà ní kí a ra wàrà alágolo díẹ̀ kí ìfun ọmọ náà má bàa wà lófìfo. Mo rà á. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo fi ìka tọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà. Wọ́n ya ọmọ kan sára rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò rí ohunkóhun níbẹ̀ nípa irú ọmọ tiwa.

Rọ́bà tín-ín-rín kan gba ẹnu rẹ̀ wọ inú ikùn. Kí nọ́ọ̀sì tó fún un ní òmíràn, á kọ́kọ́ fi sírínjì fa ohun tó kù nínú ikùn láti mọ̀ bí èyí tó ṣáájú bá ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń lọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí padà. Wàrà náà ń padà jáde, ó ti dì. Ikùn rẹ̀ le, ó ń dán. Lọ́jọ́ tí ohun tí wọ́n fà jáde jẹ́ àwọ̀ ewé bí òróòro, nọ́ọ̀sì gbé sírínjì sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó pe dókítà. Wọ́n dá oúnjẹ dúró. Omi inú iṣan nìkan ló kù.

Nọ́ọ̀sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Yaaba, ẹ jẹ́ ká lọ wo ìyá yìí.”

A jọ sọdá. Èmi dúró síta ìkélé bí mo ti máa ń ṣe. Òun kò dúró. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n kíákíá ló jáde, bàsíà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sì tẹ̀ lé e. Nínú bàsíà, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lójú omi náà, ohun kan tó pupa rúsúrúsú, ó nípọn, ó fà bí epo tó bọ́ sínú omi.

“Ẹ bi wọ́n pé kí lèyí,” nọ́ọ̀sì sọ fún mi.

Mo bi í.

“Ìdọ̀tí ni,” ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dáhùn. “Ìdọ̀tí tó máa ń ṣáájú omi ọmú. Ó ti pẹ́ nínú ọmú, ó ti bàjẹ́. Bí ọmọ bá mu ún, inú rẹ̀ á dàrú. Mò ń fún un dànù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí èyí tó funfun lè tètè dé.”

Mo yí i sí Faransé.

Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo. Ó gbé bàsíà sílẹ̀, ó jókòó sétí ibùsùn ọmọ mi. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tó ti bímọ,” ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wí.

“Yaaba, èyí gan-an ni mò ń béèrè láràárọ̀.”

Mo tún un sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó wò mí, ó wo nọ́ọ̀sì.

“Wọn ò béèrè èyí. Omi ọmú ni wọ́n béèrè.”

Òótọ́ ló sọ.

Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé, èmi ń yí i sí Yorùbá. Ó ní ohun pupa yẹn ló ń bo ara ìfun látinú, kí àìsàn má bàa rí ibi wọlé. Ó ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nílò rẹ̀ ju ọmọ yòókù lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ọmọ mi tó dùbúlẹ̀, tó ń wo òkè àjà.

“Gbogbo ọmọ tí mo ti wẹ̀, mo fún un dànù fún wọn. Mo fún un dànù fún èyí pàápàá. Ẹ wò ó. Ṣebí ó dàgbà, òun náà sì bímọ?”

“Àwọn yẹn pé oṣù,” ni nọ́ọ̀sì wí.

Mo yí ìyẹn náà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi mú etí ìró rẹ̀, ó fi nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti gbẹ.

Èyí tó kù nínú ọmú kò pọ̀. Ó ti ń funfun lọ. Nọ́ọ̀sì fi sírínjì kékeré gba ìkán rẹ̀ lẹ́nu ọmú ọmọ mi. Ó fi í pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí ikùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi í gba inú rọ́bà. Kò tì í. Á kàn gbé sírínjì sókè, á jẹ́ kó fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó tún fa ikùn wò, kò sí ohun tó padà. Ó gbé sírínjì tó ṣófo hàn mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Ọmọ mi kò tíì lè dìde. Òòyì á kọ́ ọ bó bá gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà nílò ara ènìyàn, ó ní bí ara bá móoru, ìfun náà á ṣiṣẹ́. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù.

“Èmi?”

“Ẹlòmíràn wà níbí?”

N kò bọ́ ẹ̀wù níwájú obìnrin rí, àfi ìyàwó mi. Mo bọ́ ọ. Wọ́n gbé e lé mi láyà pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, wọ́n fi aṣọ so wá pọ̀. Àwọn ìyá ọmọ tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan wá láti Tanghin, níbi tó ti ń gbin kábéèjì létí omi tí wọ́n sé. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú àpótí tó tẹ̀ lé tiwa. Faransé rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó o láti fi bú mi.

“Yaaba, pẹ̀lú irun àyà yìí? Ọmọ yẹn á rò pé inú oko lòun wà.”

“Kó máa rò ó bẹ́ẹ̀,” ni mo wí.

“Ọmú ọ̀tún lẹ máa kọ́kọ́ fún un àbí tòsì?”

Kódà dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi náà sún mọ́ ẹ̀rín. Ikùn rẹ̀ wà lára ikùn mi. Bí wọ́n bá gbé sírínjì sókè tí omi ọmú sì ń sọ̀kalẹ̀, á dákẹ́, á na ìka ọwọ́ rẹ̀. Bí ìfun rẹ̀ bá yí, mo ń mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń gbé omi ọmú sọdá àgbàlá. Ó fi aṣọ funfun bo ife náà. Kì í wọlé. Á nà án sí nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà, á padà. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé, ó kọjá. Álífáà ní kí a dúró di ìgbà tó bá kúrò nínú àpótí. Mo ti mú orúkọ kan sílẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí n gbé ife náà dání nítorí mo ń lọ síbẹ̀. Bí mo ti wọlé, mo rí i pé nọ́ọ̀sì méjì ló dúró ti àpótí wa. Ikùn rẹ̀ ti tún wú. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti ń dúdú ní apá kan. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ wá, ó fi ìka méjì kan ikùn náà. Ó ní ọmọ yìí kò tó ohun tí àwọn lè là. Ó ní àwọn á fún un lóògùn, kí a máa gbàdúrà.

Mo jókòó. Ife náà wà lọ́wọ́ mi.

Kí wọ́n tó kírun alásàárì, ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà náà. Ibi tí wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ó gba ife lọ́wọ́ mi. Kò dà á nù, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí. Níkẹyìn ó gbé e sójú fèrèsé.

Àwọn ọkùnrin mọ́sálásí wa ló sin ín. Bàbá rẹ̀ bá wọn lọ, láti Niamey ló gba ibi ìsìnkú lọ tààrà. Èmi kò lọ. Àgbà kì í mọ sàréè ọmọ. Orúkọ tí mo mú sílẹ̀ ni wọ́n fi sin ín, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti tú ká, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá bá mi nínú àgbàlá ilé mi. Kò jókòó.

“Àna mi. Ṣé èmi ni?”

Mo ti bi dókítà ní ìbéèrè kan náà, láìdárúkọ ẹni. Ó ní àwọn ọmọ mìíràn ń mu ohun pupa náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àìsàn yẹn sì tún ń pa lára wọn. Ó ní ṣùgbọ́n kì í mú wọn tó àwọn tí kò mu ún. Ó ní ní ti ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Bó ti sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún un.

“Wọ́n ní àwọn kò mọ̀,” ó ní. “Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi náà ò mọ̀.”

Ó mi orí. Ìyàwó mi ì bá mọ ohun mìíràn tí yóò sọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ó fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ sí iwájú orí, ó lọ sílé rẹ̀.

Ọmọ mi padà sílé. Ìgbà náà ni omi ọmú wá dé tán pátápátá. Ó funfun, ó pọ̀, ó ń rin aṣọ rẹ̀ níwájú. Ọmú rẹ̀ le bí òkúta, ibà mú un. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi mú ọ̀já wá láti fi dì í, kí ó lè gbẹ. Bó ti ń tú ọ̀já náà, ọmọ mi sọ̀rọ̀.

“Ẹ má dì í.”

“Yóò máa dùn ọ́, ọmọ mi.”

“Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa yẹn, omi ọmú ìyá rẹ̀ kò tó. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ẹ gbé e lọ fún un.”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wò mí. Mo lọ mú mọ́tò.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò, wọ́n sì ń fi iná mú omi ọmú náà gbóná kí wọ́n tó fi í fún ọmọ náà. Láràárọ̀ la ń gbé e lọ, èmi níwájú, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lẹ́yìn, ó gbé kúlà kékeré sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í. Bí a bá ti já sí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi.

“Ẹ rọra. Àna mi, ẹ rọra. Kòtò wà níwájú.”

Ọmọbìnrin náà yè é. Álífáà ní nítorí omi ọmú tó mu, ó ti di ọmọ ọmọ mi, ọmọkùnrin bíbí inú ọmọ mi kò ní lè fẹ́ ẹ láéláé. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé. Ó dúpẹ́ ní èdè wọn, “Barka, Yaaba. Ẹ sì ti ní ọmọ lóko.” Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rántí. Títí di òní ó ń fi kábéèjì ránṣẹ́ sí wa láti Tanghin. Ọmọ mi kì í jẹ ẹ́. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́.

Láìpẹ́ yìí obìnrin kan bímọ ní òpópónà ẹ̀yìn wa. Oṣù ọmọ náà pé. Wọ́n wá pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ó sì lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà sọ́dọ̀ mi. Mo béèrè bóyá àlàáfíà ni.

“Àlàáfíà ni. Ó ti mu ọmú.”

“Èyí tó pupa?”

“Èyí tó pupa. Mo ní kí wọ́n fún un.” Ó bu omi nínú àmù, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. “Mo jókòó tì í lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò lè dìde. Mò ń wo ikùn rẹ̀, mò ń retí kó wú.”

Mo na aṣọ sí i kó fi nu ọwọ́.

“Kò wú,” ó ní.